Àṣàkẹ́ lórí ilẹ̀: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ọkọ̀ ìgbòkun tó dúró ní ìdajì ọ̀nà

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní lọ́kàn. Kí n wọ Mákòkó, kí n dí ibi tó ń jò, kí n ra gààrí àti omi mímu, kí n tún gbéra. Oṣù kẹrin là ń lọ yìí. Ọkọ̀ ti wà lẹ́yìn ilé onílé láti ìgbà náà, èmi sì ti padà sídìí fíríìjì tí mò ń tún ṣe ní Yábàá bí ẹni tí kò lọ ibì kankan rí. Àwọn tó bá wa dágbére ní Àgbádárìgì ṣì ń pè: "Ẹ ti dé Ìgbókòdá?" Mo rò pé ó sàn kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ náà

Àṣàkẹ́ ni mo sọ ọ́, oríkì ìyá tó bí ìyá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta ẹja gbígbẹ ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ apẹja onípákó ni. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 21, ó fẹ̀ ní mẹ́rin ó dín díẹ̀. Pákó mẹ́ta ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, méjì ní òsì, egungun mọ́kànlá ló sì dì wọ́n mú. Oṣù Kìíní ni mo rà á lọ́wọ́ apẹja kan tó ń lò ó ní agbègbè Tákwà Bay. Mo fi lọ́rì gbé e láti Àpápá lọ sí Àgbádárìgì, mo họ ara rẹ̀, mo sì kùn ún ní ọ̀dà búlúù lẹ́ẹ̀mejì títí tó fi ń dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀dà yẹn.

Tapólì ni ìgbòkun. Àbúrò mi tó jẹ́ télọ̀ ní Bàrígà ló rán an, òun náà ló sì bá mi lọ. Òpó rẹ̀ ṣe é dùbúlẹ̀: ìṣó ńlá kan ló mú ìdí rẹ̀, tí a bá tú okùn iwájú, ó máa rọra sùn sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí omi kọjá ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé afárá kì í dìde fún ẹnikẹ́ni.

Ètò wa kò le. Láti Àgbádárìgì títí dé Ìgbókòdá, kí a má wọ òkun rárá. Orí omi tó wà lẹ́yìn iyanrìn etí òkun la ó máa gbà, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé. Ẹni tó bá ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ní ojúure afẹ́fẹ́. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Òwúrọ̀ ni afẹ́fẹ́ kì í sí, àjẹ̀ la ó máa fi wà á nígbà náà. Mo fojú bù ú pé Èkó ni ìdajì ọ̀nà. Kì í ṣe ìdajì gan-an, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilé mi wà, ilé sì máa ń fa ìdajì ọ̀nà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ìwé igbá

Ìwé kékeré kan wà tí mo so mọ́ ìdí òpó. Kì í ṣe ìtàn ni mo ń kọ sínú rẹ̀. Iye igbá omi tí a ń gbọ́n jáde ní wákàtí kan ni. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí mo gé lẹ́nu là ń pè ní igbá, ó ń gbé bíi lítà méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìwé náà wà níwájú mi báyìí.

Ọjọ́ kìíní, 20 oṣù Kejì: igbá 14. Mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "igi ṣì ń mu omi, yóò wú, yóò dí." Òótọ́ ni pé igi máa ń wú. Ọjọ́ kejì: 17. N kò kọ nǹkan kan sí i. Ọjọ́ kẹta, a ti sún mọ́ Ọ̀jọ́: 31. Mo kọ "ìgbì ọkọ̀ èrò." Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ń kó èrò kọjá ń da omi sí wa lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó ń dà wọlé látòkè máa ń rin èèyàn láṣọ, omi tó wà nínú ọkọ̀ wa kò rin ẹnikẹ́ni kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kẹrin: 58. Mo kọ pé àbúrò mi ń jókòó síbi tí kò yẹ. Ọjọ́ karùn-ún, n kò kọ iye tó péye, 90 ni mo kọ, mo fa ìlà sí i nídìí.

Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tó bá ka ojú ìwé yẹn, yóò ti mọ̀ ní ọjọ́ kẹta pé ọkọ̀ yìí ń kú lọ. Èmi tí mo kọ ọ́ ni kò kà á.

Ọjọ́ karùn-ún yẹn la gba etíkun Àpápá kọjá. Ní ìdájí, a rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti bàjẹ́ títí omi òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ̀sà, nítorí ẹni tó bá lọ kọ ojú sí omi tó ń jáde lábẹ́ afárá Èkó, àjẹ̀ rẹ̀ yóò dá kó tó dé òpó kìíní. A dá òpó wa dùbúlẹ̀. Afárá Èkó kọjá lórí wa, tí dánfó ń dún lókè bí ààrá tó jìnnà. Lẹ́yìn náà ni afárá Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ fi irin ṣe ní 1901. Láàárín òpó afárá, omi ń pòyì. Àbúrò mi ń wa ọkọ̀, èmi ń gbọ́n. N kò rí Ìdúmọ̀tà, n kò rí ọjà, n kò rí ohunkóhun tí mo ti lálàá pé màá rí látorí omi. Ìdí kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo rí.

A rọ́ kọjá sí abẹ́ afárá kẹta tí gbogbo wa ń pè ní Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8. Kí ó tó di aago méjì ọ̀sán, a ti wà láàárín èéfín ẹja ní Mákòkó. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Bàbá kò tíì wo ọkọ̀ tó fi béèrè

Ìlàjẹ ni Bàbá. Ó ti ń kan ọkọ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́ja kan ló júwe rẹ̀ fún wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Kò tíì gbójú sókè tó fi ní:

"Igbá mélòó?"

Mo ní àádọ́rùn-ún.

"Láti ìgbà wo?"

Mo ní ọjọ́ karùn-ún rèé. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọjọ́ kìíní ńkọ́?" Mo ní mẹ́rìnlá. Ìgbà yẹn ló tó dìde. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fa ọkọ̀ gòkè sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó àti ìdọ̀tí kún, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ìtì igi mẹ́rin.

Ọ̀dà búlúù mi ṣì ń dán. Èmi gan-an yangàn díẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, kò sí ibi tó là." Ó fi ìdí òòlù kan pákó àárín díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń kan ìbẹ́pẹ láti mọ̀ bóyá ó ti pọ́n. Kó, kó, kó. Nígbà tó dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ohùn náà yí padà. Ó di bù, bù. Ó yọ ọ̀bẹ, ó fi tẹ ibẹ̀, ọ̀bẹ náà wọlé títí dé èèkù. Kò tiẹ̀ lo agbára.

"Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé," ó ní. Ó sì lọ jẹun.

Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ gé ẹ̀là kan jáde, inú rẹ̀ dà bí afárá oyin tí wọ́n fà gùn. Ihò tó tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, gbogbo wọn ń tọ ipa igi lọ, gbogbo wọn ní ohun funfun bí ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri wọn. Nínú àwọn kan, ẹran rírọ̀, funfun, tó gùn ju ọwọ́ mi lọ, ṣì wà láàyè. Láàárín ihò kan àti òmíràn, igi tó kù kò nípọn ju páálí lọ.

Ẹni tó jẹ pákó mi

Kòkòrò là ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò. Teredo lórúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, ẹran omi oníkarahun méjì sì ni, ìbátan àwọn oníkarahun méjì tí ń lẹ̀ mọ́ òpó ìdíkọ̀. Karahun tirẹ̀ ti kéré débi pé orí rẹ̀ nìkan ló bò, òun ló sì fi ń rin igi. Nígbà tó bá kéré gan-an ló ń wọlé. Ihò tó gbà wọlé kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Inú ibẹ̀ ló ti ń dàgbà, kò sì ní jáde mọ́ títí tí yóò fi kú. Nítorí náà, ìta igi lè máa dán nígbà tí inú rẹ̀ ti di òfìfo. Mo ní kí ẹ má gbàgbé ọ̀dà búlúù. Ihò abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn wà lójú pákó nígbà tí mo rà á, mo rí wọn, mo rò pé ojú igi lásán ni, mo fi ọ̀dà dí wọn, mo sì tún fi èkejì lé e. Nígbà tí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ọjọ́ kẹta, ìwé igbá fò láti 17 sí 31.

Àwọn tó ju mí lọ ti jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1730, ó jẹ igi tí àwọn ará Netherlands fi dá òkun dúró kó má bàa bo ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ní láti wá òkúta dípò igi. Wọ́n tún máa ń sọ pé ara rẹ̀ ni ẹnjiníà Marc Brunel ti kọ́ ọgbọ́n tó fi gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ odò Thames ní London, èyí tí wọ́n ṣí ní 1843: bí ẹran yìí ṣe ń gbẹ́ níwájú ló ń rẹ́ ògiri rẹ̀ lẹ́yìn kó má wó lé e lórí. Nígbà tí mo ka ìyẹn, inú mi kò dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Omi oníyọ̀ ló fẹ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò Ògùn àti àwọn odò yòókù kò gbé omi púpọ̀ wá, omi òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọ ọ̀sà, iyọ̀ á sì gun ibi púpọ̀. Tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, omi odò á ti iyọ̀ padà. Ohun kan náà ló fà á tí ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń léfòó (water hyacinth), èyí tó gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 1984, fi ń bo ọ̀sà mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, tó sì ń kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewéko kórìíra iyọ̀, kòkòrò kò lè ṣe láìsí iyọ̀. Oníkálukú ní àsìkò tirẹ̀ láti fi ojú ọlọ́kọ̀ rí màbo. Tákwà Bay wà lẹ́nu òkun gan-an, iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tán níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo lọ ra ọkọ̀.

Ohun tí a kò ṣe

Èrò mi àkọ́kọ́ ni fáíbà. Mo mọ àwọn tó ń fi tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ fáíbà, resini tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ọjọ́ méjì, ó parí. Bàbá gbọ́ mi títí. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ fi ọ̀rá di ẹran tó ti rà?" Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo fúnra mi dán resini wò lórí ẹ̀là pákó tí wọ́n gé jáde. Ní ọjọ́ kejì, mo fi èékánná ká a kúrò bí èèpo ẹyin tí wọ́n sè. Igi tó ti mu omi, tó sì ní ọ̀dà lára, kì í gba resini mọ́ra.

Èkejì ni kí a kan páànù mọ́ ibi tó jẹrà, kí a fi òwú àti ọ̀dà dúdú sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Mákòkó ló ní irú páànù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní ìyẹn dára fún ẹni tó ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. "Ìwọ, níbo lo máa sùn?" Mo ní orí omi. Kò tún sọ̀rọ̀.

Bàbà náà wà. Láti 1761 ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń dán an wò, kí wọ́n fi bàbà pẹlẹbẹ bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀ kí kòkòrò má rí ọ̀nà wọlé, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ kan bàbà mọ́ abẹ́ ọkọ̀ yín ní Èkó, kí ẹ wá lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti tà á.

Ohun tó kù ni kí a yọ pákó ìsàlẹ̀ méjì, kí a sì fi tuntun sí i. Ìyẹn ni ọjọ́ mẹ́ta mi ṣe kú.

Pákó

Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni Bàbá ní kí n rà. Igi líle ni, wọ́n ń lò ó fún òpó inú omi, kòkòrò yẹn kì í sì í tètè rí i jẹ. Mo lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, láti orí afárá ni a ti máa ń rí igi gẹdú tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n fi omi gbé wá sí Oko-Bàbá, ibi tí wọ́n ti ń la igi níbẹ̀, èèyàn á dúró lórí wọn bí ẹni dúró lórí ilẹ̀. Oníṣòwò àkọ́kọ́ tí mo bá fi pákó kan hàn mí, ó ní ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni. Àwọ̀ rẹ̀ ràn bí omi tíì. Mo ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ Bàbá. Ohùn Bàbá ló padà wá lórí fóònù: "Pupa rúsúrúsú bí ọsàn ni mo ní, n kò ní tíì." Ẹnìkẹta ló ní ojúlówó. Owó pákó méjì náà ju iye tí mo ná sórí ìgbòkun, okùn àti òpó lápapọ̀ lọ.

Ó tutù. Bàbá ní kí n to ó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín, kí n má ṣe fi sínú oòrùn. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ìgbà náà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi padà. Ìyàwó mi béèrè bóyá ìrìn àjò náà ti parí, mo ní rárá, a dúró díẹ̀ ni. Ó ní, "Dádì wọn, ẹni tó dúró díẹ̀ kì í gba iṣẹ́ fíríìjì mẹ́fà." N kò rí èsì.

29 oṣù Kẹta. Pákó kìíní wọlé. Ó bá a mu bí ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́. Bàbá lọ sí ìsìnkú kan ní Ìkòròdú, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lu ihò fún gbogbo ìṣó kí wọ́n tó kàn án, nítorí ọ̀pẹ̀pẹ̀ máa ń là. Iná kò sí, díríìlì kò ṣiṣẹ́, èyí tó ń lo ọwọ́ sì ń fa ẹsẹ̀. Mo ti dúró fún oṣù kan. Mo gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, mo ní èmi ni mo ni ọkọ̀. Ìṣó mẹ́rin àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ìkarùn-ún wọlé, mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti orí pákó sáré dé ibi tó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Bàbá dé ní ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ pa ìlà náà, ó ní kí n lọ ra òmíràn. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn.

Ìjì

Tí pákó yẹn kò bá là, a ò bá ti wà lórí omi ní alẹ́ 16 oṣù Kẹrin, níbi kan láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Mo ti ronú lé e lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í ti ibi tí afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ń gbà wá. Ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Gbogbo ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn. Lójijì, á dákẹ́, ooru á mú, ojú ọ̀run níwájú á ṣú dúdú, á ní etí tó gún bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ tútù á já lu èèyàn lójú. Fún ọkọ̀ tó na ìgbòkun sí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn, ìyẹn ni kó bá ìgbòkun lódì, kó gbé òpó ṣubú, tàbí kó yí ọkọ̀ dà.

Ní Mákòkó lálẹ́ yẹn, ó ká páànù ilé mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ wa. Ó gbé Àṣàkẹ́ kúrò lórí ìtì igi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lu ilẹ̀. Egungun ìkeje dá. Àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tó léfòó, èyí tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, tó wó lásìkò òjò ní oṣù Kẹfà 2016. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ yẹn, ìgbòkun mi kò lè gbà á."

Ọjọ́ yẹn ni mo yí ètò padà. Oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ìjì pọ̀. Oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ó tún padà wá. Àárín wọn, láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, òjò máa ń dá díẹ̀, ìjì ìlà-oòrùn á dínkù gan-an, afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn á sì máa fẹ́ déédéé, ó lágbára ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ pàápàá. Ìgbà yẹn la ó lọ.

Ojú kọ́kọ́ tì mí. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré yí ayé ká kò rò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá wà ní gúúsù òkun Pàsífíìkì máa ń kúrò níbi tí ìjì ńlá ń jà láàárín oṣù Kọkànlá àti oṣù Kẹrin, wọ́n á gbé ọkọ̀ gòkè ní New Zealand, wọ́n á lọ ṣiṣẹ́ owó. Joshua Slocum, ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po, láti 1895 sí 1898, fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Cape Town, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri ilẹ̀ ibẹ̀. Kí ó tó gbéra rárá, ó ti lo oṣù mẹ́tàlá láti tún ọkọ̀ tó ti jẹrà kan kàn, owó tó ná sí i jẹ́ dọ́là 553 àti sẹ́ǹtì 62. Bó ṣe mọ iye sẹ́ǹtì yẹn ni mo fi mọ̀ pé òun, ó ń ka ìwé tó ń kọ.

Karùn-ún sí Kẹfà

Ó yá lẹ́yìn ìyẹn. Pákó tuntun wọlé ní 6 oṣù Karùn-ún, gbogbo ihò rẹ̀ ni a lù, èmi ni mo lù wọ́n, mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án. Egungun keje di tuntun. Òwú àti ọ̀dà dúdú wọ ojú ìpàdé pákó. Àbúrò mi fi ìlà ìránṣọ méjì kún etí ìgbòkun, ó sì ṣe ojú okùn kan sí àárín kí a lè dín in kù bí afẹ́fẹ́ bá le.

Iná nìkan ni mo fẹ́ sọ ní kíkún. Pákó tí a kò yọ náà lè ní kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí náà a ní láti fi iná ra gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Mo gbé iná gáàsì tí mo fi ń jó páìpù fíríìjì wá, inú mi dùn pé nǹkan kan wà tí èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ ní ibi kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ibẹ̀ ti di èédú, ìka méjì sí i kò gbóná rárá. Ó ní kí n gbé e padà sílé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ wá, wọ́n dì í ní ìdì, wọ́n tanná ràn án, wọ́n sì ń fi ahọ́n iná rẹ̀ lá ara ọkọ̀ láti orí dé ìdí, wọn kò dúró lójú kan. Ọ̀dà búlúù mi wú, ó hó, ó jábọ́. Igi abẹ́ rẹ̀ di rúsúrúsú, lẹ́yìn náà ó dúdú díẹ̀, omi sì ń sun jáde lójú rẹ̀ bí òógùn. Bàbá ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí iná ti kọjá, ó ń ka nǹkan sínú. Nígbà tí ó bá ní "ó tó," wọ́n á sún síwájú.

Nígbà tó tutù, a fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Kò dán. Kò sí ẹni tó máa wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí nǹkan bá tún wọlé, a ó rí ojú ihò rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá fà á gòkè, n kò ní fi àwọ̀ kankan bò ó mọ́.

7 oṣù Kẹfà

Ọkọ̀ tó ti wà lórí ilẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ti gbẹ, pákó rẹ̀ ti sún kúrò lára ara wọn. Mo rò pé a ó gbé e sómi, a ó sì máa gbọ́n títí yóò fi wú. Bàbá ní rárá. "A ó rì í."

Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Omi ọ̀sà ti rú bí omi ògì, ewéko ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti ìhà òkè. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n mi, ẹ má sọ fún ìyàwó mi. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Kòkòrò tó bá sì kù láàyè nínú igi, omi tí kò ní iyọ̀ yóò parí rẹ̀. Ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò lè ṣe é títí.

A tì í wọ omi, a fi okùn méjì so ó mọ́ òpó ilé, a sì to àpò yanrìn mẹ́jọ sínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Omi gba ojú gbogbo ìpàdé pákó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ajere bá wọnú omi. Ọwọ́ mi wá kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Bàbá rí i, ó rẹ́rìn-ín. Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Ìdí ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àárín, iwájú dúró díẹ̀, ó sì tẹ̀lé e. Àpò afẹ́fẹ́ mélòó kan jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni yóò lò nísàlẹ̀ kí a tó gbé e, kí a tó mọ iye igbá tuntun.

Àbúrò mi yọ ìwé kékeré náà láti àpò rẹ̀, ó ní kí ni kí òun kọ fún òní. Mo ní kó kọ pé a kò gbọ́n omi kankan.

Ọmọdé kan tó ń wa ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú abọ́ pọfupọ́ọ̀fù dúró, ó wo okùn méjì tó wọ inú omi lọ. Ó bi ọmọ iṣẹ́ léèrè bóyá ọkọ̀ wa ti rì. Ọmọ iṣẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti rì, ó sì ra mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀.